Ìdérí Mélòó sí Pọ́ǹpù Kan? Àlàyé fún Ẹni tó ń Fín Oògùn Oko àti Ẹni tó ń Gba Afínoògùn Síṣẹ́

Ẹ dúró díẹ̀ lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oògùn oko lọ́jọ́ ọjà, ẹ ó gbọ́ ọ. Àgbẹ̀ á mú ìgò lọ́wọ́, á yí i síwá yí i sẹ́yìn, á sì bi olùtajà pé, “Ìdérí mélòó ni ká bù sí pọ́ǹpù kan?” Olùtajà kò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì: “Méjì. Bí koríko yẹn bá le, ẹ ṣe é ní mẹ́ta.” Wọ́n á sanwó, wọ́n á pínyà. Olùtajà yìí kò mọ bí oko náà ṣe fẹ̀ tó, kò mọ irú pọ́ǹpù tó wà nílé àgbẹ̀, kò sì mọ bí àgbẹ̀ ṣe ń rìn tó bá ń fín oògùn. Síbẹ̀, òun ló ti pinnu iye májèlé tó máa lọ sórí ilẹ̀, sórí ewé àti sára ènìyàn.

Mi ò bínú sí olùtajà, mi ò sì bínú sí àgbẹ̀. Bí gbogbo wa ṣe bá a nílẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn gan-an ló ṣì, ibẹ̀ sì ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gidi lórí oògùn oko ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó dé orí ìbòmú àti ìbọ̀wọ́.

Ìwọ̀n tó wà lára ìgò, ti ilẹ̀ ni

Bí ẹ bá ka ara ìgò oògùn dáadáa, ẹ kì í sábà rí “ìdérí méjì” níbẹ̀. Iye lítà tàbí mílílítà fún hẹ́kítà kan lẹ máa rí. Hẹ́kítà kan ni ilẹ̀ tó gùn ní 100 mítà, tó sì fẹ̀ ní 100 mítà. Ó fi díẹ̀ dín sí éékà méjì àbọ̀. Àwọn tó ṣe oògùn náà ti dán an wò, wọ́n sì mọ̀ pé bí a bá tẹ́ iye báyìí ká orí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó báyìí, kòkòrò tàbí koríko tí à ń bá jà máa kú. Omi inú pọ́ǹpù, alárù lásán ni. Òun ló ń ru oògùn kiri oko.

Wàyí o, ẹsẹ̀ ènìyàn méjì kò dọ́gba. Ẹ jẹ́ ká mú bàbá kan tó ń rìn jẹ́jẹ́ àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń yára bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè nílé. Pọ́ǹpù kan náà ni wọ́n ń lò, èyí tó ń gba lítà 16. Ìgò sọ pé lítà 1 fún hẹ́kítà kan. Ìdérí mélòó ni kí kálukú bù?

Kí wọ́n tó lè mọ̀ ọ́n, wọ́n ní láti wọn ilẹ̀ kékeré kan, 10 mítà sí 10 mítà, kí wọ́n ri igi mẹ́rin mọ́ igun rẹ̀. Wọ́n á bu omi lásán sínú pọ́ǹpù dé ojú àmì kan, omi tí kò sí oògùn nínú rẹ̀ rárá. Ọmọ á gbé e kọ́ ẹ̀yìn, á fín ilẹ̀ náà tán bó ṣe máa ń fín oko gan-an, láìyára ju ti tẹ́lẹ̀ nítorí pé a ń wò ó. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi ike tó ní ìlà ìwọ̀n bu omi padà títí á fi dé ojú àmì àkọ́kọ́. Iye tí wọ́n bù padà ni iye tí ọmọ lò.

Ká ní ó lo lítà 2. Irú ilẹ̀ kékeré yẹn ọgọ́rùn-ún ló wà nínú hẹ́kítà kan, nítorí náà lítà 200 ni ọmọ máa fín tó bá ṣe hẹ́kítà kan tán. Ìyẹn jẹ́ pọ́ǹpù 12 àti àbọ̀. Bí a bá pín lítà 1, ìyẹn 1,000 mílílítà, sí ọ̀nà 12 àbọ̀, 80 mílílítà ló máa wọ pọ́ǹpù kọ̀ọ̀kan.

Ó wá kan bàbá. Nítorí pé ó ń rìn jẹ́jẹ́, lítà 4 ló lò lórí ilẹ̀ kan náà. Lítà 400 fún hẹ́kítà kan nìyẹn, pọ́ǹpù 25. Ẹ pín 1,000 mílílítà sí ọ̀nà 25, ẹ ó rí 40 mílílítà.

Oko kan náà, oògùn kan náà, pọ́ǹpù kan náà, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí ọmọ bù jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tó yẹ kí bàbá bù. Bí olùtajà bá sọ ìwọ̀n ọmọ fún bàbá, lítà 2 ni bàbá máa dà sórí hẹ́kítà tó yẹ kó gba lítà 1: owó ìgò kan ti ṣòfò, májèlé sì ti di ìlọ́po méjì lórí ewé tí ènìyàn máa jẹ. Bí ó bá sọ ìwọ̀n bàbá fún ọmọ, ìdajì oògùn ló máa dé oko. Kòkòrò tó lágbára díẹ̀ kò ní kú. Á bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ á sì le ju òun lọ. Lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á ní oògùn yẹn ti di ayédèrú. Lóòótọ́, ayédèrú wà lọ́jà, ó sì pọ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgò tí a ń bú, kò ṣẹ̀. A ò wọ̀n ọ́n bó ṣe yẹ ni.

Ẹ má wulẹ̀ fi ìdérí wọ̀n ọ́n mọ́. Ìdérí ìgò kan kò jọ èkejì, agolo mílíìkì kò sì sọ mílílítà fún ẹnikẹ́ni. Ife oníke tó ní ìlà ìwọ̀n kò wọ́n. Ẹ ra ọ̀kan, ẹ kọ “OÒGÙN OKO” sára rẹ̀, kí ó máa bá pọ́ǹpù gbé, kí ó má dé ilé ìdáná láéláé. Ẹ sì tún ìdánwò omi yìí ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àkókò oko kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ihò kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀pá pọ́ǹpù, èyí tí wọ́n ń pè ní nọ́súlù, máa ń fẹ̀ sí i bí a bá ti ń lò ó. Ẹ̀yin tó ń fín kòkó, ti yín yàtọ̀ díẹ̀: igi lẹ máa kà. Ẹ fi omi lásán fín igi títí pọ́ǹpù kan fi tán, kí ẹ mọ iye igi tó ká.

Awọ ara ni ẹnu ọ̀nà

Bí ẹ bá bi àgbẹ̀ pé ibo ni oògùn ń gbà wọ ara, imú ló máa fọwọ́ kàn. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ẹni tó so áńkáṣíìfù mọ́ imú, tó sì wọ ṣòkòtò péńpé pẹ̀lú sílípáàsì. Òórùn ló ń tàn wá jẹ. Ohun tó bá ń rùn la máa ń sá fún. Èyí tí kò bá rùn, ọwọ́ lásán la fi ń pò ó.

Ìdánwò kan wà tí àwọn olùkọ́ máa ń ṣe ní oko, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ìwàásù lọ. Wọ́n á po aró pupa tí kò léwu mọ́ omi pọ́ǹpù, wọ́n á wọ aṣọ funfun fún àgbẹ̀ kan, wọ́n á ní kó lọ fín oko bó ṣe máa ń ṣe. Tó bá padà dé, aṣọ náà ló máa sọ̀rọ̀. Itan rẹ̀ á ti pọ́n láti orókún lọ sókè, nítorí pé inú ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fín ló ń rìn wọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ á ti rẹ, nítorí pé ẹnu ìdérí pọ́ǹpù ń jò, kò sì mọ̀ rí. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á dà bí ọwọ́ aláró. Ojú ibi tó so áńkáṣíìfù mọ́ ló sábà máa ń mọ́ jù lọ. Áńkáṣíìfù náà kò sì wúlò: ó máa ń fa omi oògùn mu, á wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu àti imú ẹni tó so ó.

Awọ ara kò sì rí bákan náà káàkiri. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà fi oògùn apakòkòrò kan tó ń jẹ́ parathion dán èyí wò lára àwọn ènìyàn, wọ́n rí i pé èyí tó gba iwájú orí wọlé tó ìlọ́po mẹ́rin èyí tó gba apá wọlé. Èyí tó gba awọ ẹpọ̀n wọlé ju ìlọ́po mọ́kànlá lọ. Ẹ wá ro ti ọkùnrin tó fi ọwọ́ tó fi po oògùn sí ṣòkòtò láti tọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ oko. Lẹ́yìn tó tọ̀ tán ló máa ń fọwọ́, bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti kékeré. Ẹni tó ń fín oògùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ kó tó tọ̀.

Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ìṣẹ́jú díẹ̀ tí a fi ń bu oògùn láti inú ìgò sínú ife ló léwu jù. Ẹ rántí ìṣirò ọmọ bàbá yẹn: 80 mílílítà nínú lítà 16. Omi ti là á ní ìlọ́po igba. Nítorí náà, ẹ̀kán kan ògidì oògùn tó ta sí yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ ń bù ú dà bí igba ẹ̀kán láti inú pọ́ǹpù. Bẹ́ẹ̀, ìgbà tí a bá ń fín in la máa ń múra, ìgbà tí a bá ń bù ú, ọwọ́ lásán ni, ọmọ kékeré á sì dúró tì wá tó ń mú ìgò dání.

Bí owó yín bá mọ níwọ̀n, ẹ jẹ́ kí ìbọ̀wọ́ ṣíwájú ohun gbogbo. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn tó sì gùn kọjá ọrùn ọwọ́ ni mo ń wí. Ti aṣọ tàbí awọ máa ń mu oògùn, á sì máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ yín lára ní gbogbo ọ̀sán. Ẹ̀yìn ìyẹn ni bàtà òjò, kí ẹsẹ̀ ṣòkòtò wà ní ìta bàtà, kí omi oògùn má ṣàn wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, aṣọ alápá gígùn, fìlà, àti awò tó bo ojú. Mo mọ̀ pé ooru ilẹ̀ wa kò jẹ́ kí èyí rọrùn. Ẹ tètè jí lọ sóko, kí ẹ parí kí oòrùn tó mú. Bí ẹ bá ní owó ìgò oògùn méjì ṣùgbọ́n tí ẹ kò ní ti ìbọ̀wọ́ kan, mo bẹ̀ yín, ẹ ra ìgò kan.

Àṣà méjì kan wà tí ó ń dùn mí tí mo bá rí i. Èkínní ni fífi ẹnu fẹ́ nọ́súlù tó dí. Ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó tàbí igi koríko tútù, ẹ má fi ẹnu kàn án. Èkejì ni aṣọ oko tí wọ́n jù sínú agbada ìfọṣọ pọ̀ mọ́ aṣọ ọmọ. Ìyàwó tí kò dé oko rí lè gba oògùn sára láti inú omi ìfọṣọ yẹn. Aṣọ tí a fi fín oògùn, lọ́tọ̀ ni kí ẹ fọ̀ ọ́, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́, kí ẹ sì da omi rẹ̀ sí ibi tó jìnnà sí kànga àti odò.

“Ó ti mọ́ mi lára”

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo máa ń bẹ̀rù jù lẹ́nu àgbẹ̀. “Ọgbọ̀n ọdún rèé tí mo ti ń fín oògùn, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ó ti mọ́ mi lára.” Ó tọ́ kí a ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an.

Nígbà tí iṣan bá fẹ́ mú kí ẹran ara ṣiṣẹ́, ó máa ń rán ìránṣẹ́ kan lọ. Ìránṣẹ́ á jíṣẹ́, ẹlòmíràn nínú ara á sì wá mú un kúrò, kí ẹran ara lè sinmi. Àwọn oògùn apakòkòrò kan, irú bíi dichlorvos tó wà nínú ọ̀pọ̀ ohun tí à ń pè ní ota-pia-pia, máa ń so ọwọ́ ẹni tó yẹ kó mú ìránṣẹ́ kúrò. Ìránṣẹ́ á wá máa pariwo ṣáá. Itọ́ á máa dà, omi ojú á máa ṣàn, òógùn á bo ara, ẹyinjú á dín kù bí orí abẹ́rẹ́, ẹran ara á máa gbọ̀n, inú á máa ru. Bó bá pọ̀, ènìyàn kò ní lè mí mọ́.

Ara máa ń ṣe àwọn òṣìṣẹ́ tuntun láti rọ́pò àwọn tí oògùn ti dè, ṣùgbọ́n ó ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹni tó bá fín lónìí, tó tún fín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, iye òṣìṣẹ́ tó kù nínú ara rẹ̀ ń dín kù láìsí pé ó mọ̀. Orí á máa fọ́ ọ díẹ̀, á ní oòrùn ni. Á rẹ̀ ẹ́, á ní iṣẹ́ ni. Ọjọ́ kan á wá fín oògùn bó ṣe máa ń fín in, láìṣe ju ti tẹ́lẹ̀, á sì ṣubú lulẹ̀. Aráyé á ní ayé ló ṣe é. Ìyẹn gan-an ni “ó ti mọ́ mi lára”: ohun tí ara ní nípamọ́ ló ń tán lọ díẹ̀díẹ̀.

Àwọn bàbá wa tó fín kòkó pẹ̀lú Gammalin 20 láìwọ ẹ̀wù, wọn ò ṣe é nítorí àìgbọ́n. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Lindane ni májèlé tó wà nínú Gammalin. Ní ọdún 2009, àwọn orílẹ̀-èdè ayé fi í sínú Àdéhùn Stockholm, àdéhùn tí wọ́n fi ń lé àwọn kẹ́míkà tí kì í tètè jẹrà kúrò nílẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ yẹn tó jáde, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lọ.

Ohun tí àwọ̀ ara ìgò ń sọ, àti ohun tí kò sọ

Ní ìsàlẹ̀ ìwé ara ìgò, ẹ máa ń rí àwọ̀ kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ló pín oògùn oko sí ìpele bí wọ́n ṣe lè pani sí, àwọ̀ sì dúró fún ìpele kọ̀ọ̀kan: pupa fún èyí tó le jù, lẹ́yìn rẹ̀ ìyeyè, lẹ́yìn rẹ̀ búlúù, àwọ̀ ewé ló gbẹ̀yìn. Nínú àwọ̀ yẹn ni àwọn àwòrán kéékèèké wà fún ẹni tí kò lè ka Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó wà lápá òsì ń sọ bí ẹ ó ṣe múra nígbà tí ẹ bá ń bu oògùn. Àwọn tó wà lápá ọ̀tún ń sọ bí ẹ ó ṣe múra nígbà tí ẹ bá ń fín in. Tí ẹ bá kọ́ ọmọ ọlọ́dún mẹ́wàá ní àwòrán yẹn lẹ́ẹ̀kan, kò ní gbàgbé.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi àwọ̀ nìkan ṣe atọ́nà. Ó ń sọ̀rọ̀ nípa oró tó ń pani lójú ẹsẹ̀. Kò sọ ohun tí oògùn lè ṣe lẹ́yìn ogún ọdún. Ìyeyè ni paraquat, oògùn apakoríko kan, ìpele kejì. Ẹni tó bá rí ìyeyè á ní kò le tó pupa. Síbẹ̀ ìwọ̀nba ẹnu kan nínú ògidì paraquat ti tó láti pani, ẹ̀dọ̀fóró ló sì máa ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ nígbà tí aláìsàn ṣì mọ gbogbo ohun tó ń lọ. Kò sí oògùn tó ń pa oró rẹ̀. NAFDAC ti fòfin dè é ní Nàìjíríà láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024. Chlorpyrifos, oògùn apakòkòrò, tẹ̀lé e ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, atrazine, oògùn apakoríko, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Ẹ wo àwọn ìgò tó wà ní kọ̀rọ̀ ilé yín lálẹ́ òní. Orúkọ ńlá iwájú ìgò kò ṣe pàtàkì, ẹ wá orúkọ kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀. Òun ni májèlé náà gan-an. Ìgò méjì lè ní orúkọ ọjà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kó jẹ́ májèlé kan náà ló wà nínú wọn. Ẹni tó pò wọ́n pọ̀ pé kí agbára wọn lè le, ìlọ́po méjì ohun kan náà ló pò.

Afínoògùn tí a gbà síṣẹ́

Ọ̀pọ̀ wa tí a ní oko lẹ́yìn iṣẹ́ ìjọba tàbí láti Èkó, a kì í fín oògùn fúnra wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan là ń pè, iye pọ́ǹpù tó bá fín la sì ń san. Ẹ jẹ́ ká ro ó dáadáa. Bí owó bá wà lórí pọ́ǹpù, bí pọ́ǹpù bá ṣe pọ̀ tó ni owó rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. A ti fi owó wa sọ fún un pé kó da oògùn púpọ̀ síta. Ẹ san owó lórí éékà, kí ẹ sì jẹ́ kó ṣe ìdánwò omi níwájú yín.

CropLife, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ oògùn oko, ní ètò kan tó ti dé Nàìjíríà, tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ abúlé láti di afínoògùn tí gbogbo àgbẹ̀ àdúgbò lè pè. Wọ́n ń kọ́ wọn ní ìwọ̀n, ní ìmúra, ní àtúnṣe pọ́ǹpù, wọ́n sì ń fún wọn ní ohun ìdábòbò. Mo mọ̀ pé ilé iṣẹ́ tó ń ta oògùn ní èrè tirẹ̀ níbẹ̀, ó sì yẹ kí ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe tirẹ̀ láìdúró dè wọ́n. Síbẹ̀, èrò náà dára: ó sàn kí ẹni kan tó mọ̀ ọ́n, tó múra, fín oko ogún, ju kí ogún ènìyàn máa fi ọwọ́ lásán pò ó. Ẹ̀yin ará wa ní Ìlú Ọba mọ̀ pé níbẹ̀, ẹni tí kò bá gba ìwé ẹ̀rí kò lè fi oògùn tí wọ́n ṣe fún àwọn oníṣẹ́ ṣiṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, wọ́n yọ̀ǹda fún àwọn àgbàlagbà àgbẹ̀ nítorí ìrírí wọn. Ìyọ̀ǹda yẹn parí ní oṣù kọkànlá ọdún 2015. Ìrírí nìkan kò tó mọ́.

Àwọn tó ń fín ilé àti àká náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wóró tí wọ́n ń jù sínú àpò ẹ̀wà tàbí àgbàdo, aluminium phosphide ni. Bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, gáàsì ló ń dà. Wóró kan tó wúwo ní gíráàmù 3 máa ń tú gíráàmù kan gáàsì phosphine sílẹ̀, kò sì sí oògùn tó ń pa oró rẹ̀. Àká tí wọ́n dí pa, tí ènìyàn kò gbé, ni wọ́n ṣe é fún, lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ iṣẹ́ náà. Àpò ẹ̀wà tó ní wóró yẹn nínú kò gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá tí ènìyàn ń sùn, kódà fún òru kan.

Ọjọ́ ìdúró

Lára ìgò, iye ọjọ́ kan wà tó gbọ́dọ̀ kọjá láàárín ìgbà tí a fín oògùn gbẹ̀yìn àti ìgbà tí a máa kórè. Ó lè jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, ó lè jẹ́ ọjọ́ mọ́kànlélógún. Oògùn àti irè oko ló ń sọ ọ́. Oòrùn, òjò àti ara ewé fúnra rẹ̀ ló ń tú májèlé náà ká láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó fín tẹ̀tẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kó lè dán lójú oníbàárà ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, oògùn ló ń tà, kì í ṣe ẹ̀fọ́. Fífi iyọ̀ fọ̀ ọ́ nílé kò lè yọ èyí tó ti wọ inú ewé.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà dúró. Dichlorvos ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n gbà láàyè jẹ́ 0.01 mílígíráàmù nínú kílò kan. Èyí tí wọ́n bá lára àwọn ẹ̀wà kan tó 4.6. Ìyẹn tó ìlọ́po 460. Ohun tí ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ju owó dọ́là tó bọ́ lọ́wọ́ wa ni pé ẹ̀wà tí wọ́n kò jẹ́ kó wọlé lọ́hùn-ún, irú rẹ̀ la ń fi se mọ́ínmọ́ín fún àwọn ọmọ wa. Ẹni tó fín in sí àpò kò fẹ́ pa ẹnikẹ́ni. Ó fẹ́ lé kòkòrò ni. Àpò onípele mẹ́ta tó ní ọ̀rá méjì nínú, tí a bá so pa dáadáa, máa ń pa kòkòrò ẹ̀wà nítorí pé afẹ́fẹ́ á tán mọ́ wọn lára. Kò nílò oògùn kankan.

Ike tó ṣófo

Bí oògùn bá tán nínú ike, ẹ bu omi sí i tó ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹ dé e, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, ẹ dà á sínú pọ́ǹpù tí ẹ fẹ́ lò. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Oògùn tí ẹ fowó rà ló wà nínú omi yẹn, oko ni kó lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìṣó lu ike náà ní ihò púpọ̀, kí ó má lè gba epo, kẹrosíìnì tàbí omi mímu mọ́ láéláé. Bí ẹ bá ti ri ìṣó bọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó máa rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣa ike fi ta òróró.

Tó bá ti ṣẹlẹ̀

Bí ẹnì kan bá ṣubú nígbà tó ń fín oògùn, ẹ kọ́kọ́ wọ ìbọ̀wọ́ tàbí fi ọ̀rá bo ọwọ́ yín. Ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ lọ síbi tí afẹ́fẹ́ wà, ẹ bọ́ gbogbo aṣọ ara rẹ̀, ẹ fi omi púpọ̀ àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ láti irun orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ojú tiẹ̀ wà nínú rẹ̀: omi tó mọ́ ni kó máa ṣàn lójú náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún un ní epo pupa. Mo mọ̀ pé bí àwọn ìyá wa ṣe kọ́ wa nìyẹn, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú kí wọ́n sáré gbé ìgò epo. Àmọ́ ọ̀pọ̀ oògùn apakòkòrò ló máa ń yòrò nínú ọ̀rá, epo sì lè ràn wọ́n lọ́wọ́ láti tètè wọ ara. Bí kò bá sì mọ ara rẹ̀ dáadáa, epo náà lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Mílíìkì náà kò ṣe nǹkan kan. Ẹ má sì fi ìka sí i lọ́fun kó lè bì, nítorí pé nǹkan tó jọ kẹrosíìnì ni wọ́n fi po púpọ̀ nínú àwọn oògùn olómi wọ̀nyí. Bó bá ń bì í, ó lè yà sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀, ẹ wá ọkọ̀.

Kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ padà lọ mú ìgò náà. Ẹ fi ọ̀rá wé e, ẹ gbé e dání lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn kan tó ń jẹ́ atropine wà fún oró dichlorvos àti àwọn ẹbí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìtọ́jú ti paraquat yàtọ̀, ti phosphine náà sì yàtọ̀. Dókítà kò lè mọ̀ nípa wíwo ojú aláìsàn nìkan. Orúkọ kékeré tó wà lára ìgò yẹn ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa bi yín.